Ogun Ẹ̀fọ́ Èmi àti Mofẹ́

Títí tí n ó fi hu ewú, ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá rántí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àfi kí n yára fọwọ́ bo ẹnu.

Galadimawa ní Àbújá là ń gbé nígbà náà, èmi, ìyàwó mi àti Mofẹ́, ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún márùn-ún. Oúnjẹ mẹ́ta péré ló mọ̀ láyé: búrẹ́dì, ìrẹsì funfun àti dòdò. Bó bá rí ẹ̀fọ́ nínú àwo, bó tilẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́, á fi ìka méjì yọ ọ́ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni yọ kòkòrò. Nígbà tó wá ṣàìsàn, nọ́ọ̀sì sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, pé ká máa fún un ní ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ gbé ìyàwó mi lọ sí Lọ́kọ́ja.

"Ṣé ẹ máa lè ṣe é, Dádì Mofẹ́?" ó bi mí.

"Èmi tí mo ń darí èèyàn méjìlá ní ọ́fíìsì? Ọmọ kékeré yìí lẹ ń bi mí nípa rẹ̀?"

Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mo lọ ẹ̀fọ́ ṣọkọ mọ́ ẹ̀wà, mo fi se mọ́ín-mọ́ín. Mo rò pé mo gbọ́n. Ìgbà tí mo ṣí ìkòkò, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewédò tó wà lójú adágún. Mofẹ́ wò ó, ó wò mí. "Dádì, ó ti bàjẹ́."

Mo ní kò bàjẹ́, mo bu ṣíbí kan sẹ́nu kó lè rí i. Iyọ̀ tí mo fi sí i ì bá tó odindi àdúgbò. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú mi kọ̀. Ọmọ náà rọra na ife omi sí mi: "Sọ́rì, Dádì."

Lọ́jọ́ kejì, mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣèlérí, mo dúró lé e lórí bí olùṣọ́ ìdánwò. Ó pa ẹnu dé, omijé ń bọ́. Nígbà tó sú mi, mo pariwo: "Mofẹ́, ṣé o ti rí ewúrẹ́ tó ń ṣàìsàn rí? Ewé tútù ni wọ́n ń jẹ, ara wọn le!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Mo ní ọ̀rọ̀ mi ti wọlé. Ó mà wọlé lóòótọ́, ibi tó gbà wọlé ni mi ò mọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ ohùn Alhaja, ará Ìlọrin tó múlé gbè wá: "Kai! Bàbá Mofẹ́, ẹ wá wo ọmọ yín o!"

Mo sáré yọ síwájú ilé. Mofẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí òdòdó tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí ilé ká, ó ń fi eyín já ewé rẹ̀ jẹ.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń jẹ ewé. Kí ara mi lè le bíi ti ewúrẹ́."

Mi ò mọ̀ bóyá ewé náà ní májèlé. Mo ya ẹ̀ka kan dání, mo gbé ọmọ sínú ọkọ̀, Alhaja gbé e lé ẹsẹ̀, ó di kílíníkì. Ibẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ìró ìyàwó mi ni mo ró wá. Nọ́ọ̀sì kan náà ló pàdé wa. Ó wo ẹ̀ka ọwọ́ mi, ó wo ìró ìdí mi.

"Ṣé ẹ̀fọ́ tí mo ní kẹ́ ẹ máa fún un rèé, sà?"

Mofẹ́ sì ń ròyìn fún gbogbo èrò tó jókòó: "Dádì mi ló ní kí n ṣe bí ewúrẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, èmi nìkan ni mò ń làágùn. Dókítà yẹ ewé náà wò, ó ní kò léwu. Wọ́n dá wa dúró fún wákàtí kan, wọ́n ní ká máa lọ.

Nínú ọkọ̀, Alhaja bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Bàbá Mofẹ́, ṣé ẹ̀yin náà máa ń bá a jẹun?"

Mo sọ fún un pé orí tábìlì ni mo máa ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ sí, màá gbé tèmi lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ̀fọ́ tó ń dá jẹ yẹn," Alhaja ní, "ìyà lójú tirẹ̀ ni."

Ní ìrọ̀lẹ́, Alhaja jẹ́ kí èmi àti Mofẹ́ já ṣọkọ lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Mofẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á sínú ìkòkò. A tẹ́ ẹní, a bu ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ sínú àwo kan ṣoṣo. Mo ń jẹ tèmi. Nígbà tó yá, ọwọ́ kékeré kan yọ́ wọnú ẹ̀fọ́. Ó mú ẹyọ kan, ó dijú, ó jẹ ẹ́.

"Kò dùn," ó ní. Ó tún mú òmíràn.

Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà rí ojú mi.

Mo ti wá mọ̀ pé a kì í dúró lé ọmọ lórí kó tó jẹun; ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là ń jókòó sí. Nígbà tí ìyàwó mi dé, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, kí n tó rántí pé èmi gan-an ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.