Bẹ́ẹ̀lì Tó Dún Kí Kábíyèsí Tó Jókòó

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ìrókò, tọmọdé tàgbà! Ẹni tó ń rokà, kó fi omorogùn sílẹ̀! Ẹni tó ń fárí, kó fi ìdajì yòókù sílẹ̀! Ààfin ló rán mi!

Ẹ mọ̀ pé èmi Oyèkànmi ni mo máa ń kígbe “Ẹ dọ̀bálẹ̀!” bí Kábíyèsí bá ti gúnwà. Wọ́n ní ohùn mi ti ha. Ni wọ́n bá ní kí Mùfútàù rìwáyà, tó ń tún iná ṣe, bá wọn ṣe bẹ́ẹ̀lì. Kábíyèsí yóò tẹ bọ́tìnnì lẹ́nu ọ̀nà, wọn yóò rìn dé orí ìtẹ́, wọn yóò jókòó, bẹ́ẹ̀lì yóò wá dún. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án gbáko!

Mùfútàù gbé kapásítọ̀ síbẹ̀. Ìkòkò iná ni. Bó bá ti kún débi kan, bẹ́ẹ̀lì á dún. Ó fi adènà méjì sí i kí iná bátìrì má baà sáré wọ inú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ mẹ́fà, èkejì jẹ́ mẹ́ta; iye ìdènà wọn ni iye àáyá tí ìkòkò yóò fi kún. Ó ro wọ́n pọ̀, ó ní, “Mẹ́sàn-án rèé, ó parí!”

Kò parí o! Lọ́jọ́ Ẹtì, lójú àlejò, Kábíyèsí tẹ bọ́tìnnì. Ẹsẹ̀ méjì péré ni wọ́n gbé. Gbaun! Gbogbo ìjòyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja sójú ọ̀nà. Kábíyèsí kọsẹ̀ lára Olóyè Jagun, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ẹ̀yìn Jagun ni wọ́n gúnwà sí!

Wọ́n ní kí Mùfútàù kúrò nílùú kí oòrùn tó wọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń ká ẹní, ó ń sunkún. Ni Ìyá Fadérera, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, bá wọ ààfin, wọ́n kúnlẹ̀.

“Kábíyèsí, ọmọ yìí kì í ṣọ̀tá yín. Ẹnu bátìrì ló dúró sí ka adènà, níbi tí wọ́n ti dà bíi pé wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹnu ìkòkò ló yẹ kó dúró sí.”

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Òótọ́ ni! Mùfútàù ò lọ mọ́. Àmọ́ òfin ti dé!

Èkíní! Kí a tó ka adènà, ẹ yọ bátìrì kúrò, ẹ fi wáyà lásán dípò rẹ̀. Bátìrì ò gbọdọ̀ sí níkàlẹ̀! Kò gbọdọ̀ sí níkàlẹ̀!

Èkejì! Ẹ dúró lẹ́nu kapásítọ̀, kí ẹ bojú wẹ̀yìn. Ẹ ó rí adènà méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ọ̀nà méjì tó já sọ́jà kan náà. Ọ̀nà méjì kì í há tó ọ̀kan! Ẹ fi mẹ́ta sọ mẹ́fà di púpọ̀: méjìdínlógún. Ẹ ro mẹ́ta mọ́ mẹ́fà: mẹ́sàn-án. Ẹ fi mẹ́sàn-án pín méjìdínlógún: méjì. Méjì o! Òun ló jẹ́ kí bẹ́ẹ̀lì dún ní àáyá méjì!

Ẹ̀kẹta! Ẹni tó bá tún ro adènà pọ̀ láìwo bí wọ́n ṣe dúró, yóò máa pọn Olóyè Jagun lọ sílé ìwẹ̀ fóṣù mẹ́ta. Ẹ sì mọ̀ pé Jagun ò fúyẹ́!

Ẹ̀kẹrin! Kábíyèsí fúnra wọn ṣírò rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mẹ́sàn-án ni wọ́n rí. Nítorí náà, òfin kẹta ò tíì bẹ̀rẹ̀. Kábíyèsí ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ nílé Ìyá Fadérera láti ọ̀la. Bí ẹ bá kọjá níbẹ̀, tí ẹ rí ẹni tó dorí kodò, tó ń fìka ṣírò, ẹ má kí i. Ẹ má pè é lórúkọ. Ẹ ò rí nǹkan kan!

Ẹnu mi lọ̀rọ̀ gbà, ààfin ló ni ín. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fẹ́ni tó sùn. Ẹ yà fún mi o, mo ń lọ ìsàlẹ̀ odò!