Ejò Tó Ń Jẹ Kéèkì Lábẹ́ Ṣọ́ọ̀bù Pùlọ́ńbà

Ìgbà ìkẹyìn tí mo gbọ́ ohùn ọkọ mi, kò dágbére fún mi, kò sì súre. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló ń sọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti wọ́ ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ètè rẹ̀ ò ká mọ́ra mọ́. Ó fi ojú pè mí súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "É jò. Lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Gbẹ́ ẹ." Ó mí kanlẹ̀. Kò tún sọ nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ tó sì lọ.

Àwa méjì la gbọ́ ọ, èmi àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Èmi gbọ́ "ó jò." Pùlọ́ńbà ni ọkọ mi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo sì fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí mò ń ta páìpù, táàpù, gúlúù àti rọ́bà kékeré tí wọ́n ń fi sẹ́nu táàpù. Kí ni pùlọ́ńbà tún fẹ́ bá ìyàwó rẹ̀ sọ bí kò ṣe ohun tó ń jò?

Àbúrò rẹ̀ gbọ́ "ejò."

Mo fi ọdún méje ju ọkùnrin yìí lọ, ṣùgbọ́n inú ilé ni wọ́n bí i sí, èmi sì ni wọ́n gbé wọlé. Ọkọ lòun náà jẹ́ sí mi, mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Mo wá sọ ọ́ ní Ìwé-ò-tán. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn nínú, ó rò pé mò ń kì í ni. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kò sí ìwé tó kà tán rí.

Ìwé-ò-tán, a-rìn-gbẹ̀rẹ̀-bí-ẹni-ru-ilé-ìkàwé, a-wo-dígí-kó-tó-wo-ọ̀nà. Gíláàsì ojú méjì ló ní, kò sí èyí tí dókítà fún un nínú méjèèjì. Ó ní ọ̀kan wà fún ìwé kíkà, èkejì wà fún kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé òun ti kà á.

Oṣù tí a sin ọkọ mi ni ìwé kan bọ́ sí i lọ́wọ́, ìwé nípa ejò àti ìgbàgbọ́ àwọn abọ̀rìṣà ayé àtijọ́. Ó kà á dé ìdajì. Odò tó mu èèyàn dé orúnkún kì í pa á, ṣùgbọ́n ìwé tí èèyàn kà dé ìdajì lè gbé e lọ tòun ti bàtà.

Ó bá mi ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ìyàwó, ṣé o mọ̀ pé ejò kì í kú?"

"Mo ti pa méjì rí."

"Àìkàwé ló ń bá ọ jà. Àwọn ará ìgbàanì rí i pé ó ń bọ́ awọ, wọ́n ní kì í darúgbó. Wọ́n ya ejò tó gbé ìrù ara rẹ̀ sẹ́nu, wọ́n ní ayérayé nìyẹn."

"Ebi ló ń pa á."

"Wọ́n wé ejò mọ́ ọ̀pá òrìṣà ìwòsàn. Àwọn ọba gbé e síwájú adé. Wọ́n ní obìnrin kan wà tó jẹ́ pé ejò ni gbogbo irun orí rẹ̀. Ẹni tó bá wo ojú rẹ̀, á di òkúta."

"Ta ló wá ń bá a di irun ọ̀hún?"

Ó bọ́ gíláàsì kan, ó fi èkejì sójú. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó gbé e wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

"Wọ́n gbà pé bí baba ilé bá kú, ó lè padà wá gẹ́gẹ́ bí ejò kó máa ṣọ́ ilé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù yìí. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

"Ó jò ló sọ."

"Ejò ló sọ. Dákẹ́ kí o gbọ́."

Mo dákẹ́. Lábẹ́ ilẹ̀ símẹ́ǹtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí àwọn páìpù gígùn fẹ̀yìn tì, nǹkan ń dún: ṣììì. Kò dúró, kò mí.

Ẹni tó bá ti ta rọ́bà táàpù fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n mọ ohun tó ń dún bẹ́ẹ̀. Omi tó ń gba ojú ihò tó tó abẹ́rẹ́ jáde ni. Símẹ́ǹtì ibẹ̀ pàápàá ti dúdú, ó tutù bí imú ajá. Ìwé-ò-tán kúnlẹ̀, ó fi etí lélẹ̀. Nígbà tó dìde, etí rẹ̀ rin gbindin. Ó ní omijé ẹ̀gbọ́n òun ni.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti gbé ọ̀dà wá. Ó kọ "Ilé Ọgbọ́n Ejò" bo orúkọ iṣẹ́ ọkọ mi lára pátákó, ṣùgbọ́n ọ̀dà tán lọ́wọ́ rẹ̀, ìlà ìsàlẹ̀ ò parẹ́. Ohun tí ẹni tó ń kọjá wá ń kà ni: Ilé Ọgbọ́n Ejò, A Ń Tún Ṣáláńgá Ṣe.

Ó kó àwọn ará àdúgbò jọ, ó sọ fún wọn pé ìlú kan wà láyé àtijọ́ tí wọ́n gbà pé ejò ló ń ṣọ́ odi wọn. Oṣooṣù ni wọ́n ń gbé kéèkì olóyin fún un. Lọ́jọ́ tí ejò náà ò jẹ kéèkì mọ́, gbogbo ìlú palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n sá. Ìwé-ò-tán ní oṣooṣù ti pẹ́ jù, ojoojúmọ́ ni ti ẹ̀gbọ́n òun.

Wọ́n sì ń gbé e wá. Kéèkì olóyin, wàrà, ẹyin. Ẹyin tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá jẹ́ tútù. Ó ní inú ejò ò gbà á, kí wọ́n máa dín in. Òun nìkan ló ń wọlé, á ti ilẹ̀kùn, á pẹ́ díẹ̀, á nu ẹnu jáde.

Obìnrin aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí mi ò lè mú un mọ́ra. "Ọ̀gá, èérún kéèkì wà nírùngbọ̀n yín."

"Ejò ló fẹnu kò mí lẹ́nu."

"Ó fẹ́ràn yín o. Ó tún fi wàrà nu yín létè."

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta, ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ò sanra. Bẹ́líìtì Ìwé-ò-tán ló sún ihò mẹ́rin.

Tó bá jẹ́ kéèkì nìkan ni, ǹ bá fi ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ó lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Àgbà, ẹni tí àṣẹ ẹbí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fa ṣọ́ọ̀bù lé òun lọ́wọ́, nítorí ilé ejò ò yẹ lọ́wọ́ ẹni tí kò kàwé. Ó ní kí èmi máa lọ sinmi lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni oúnjẹ mi. Ibẹ̀ ni aga mi wà, ibẹ̀ ni òórùn gúlúù tí mo fi mọ̀ pé mo ṣì ní ọkọ wà.

Mo sọ fún Àǹtí Àgbà pé omi ni. Mo ní kí n pe pùlọ́ńbà mìíràn kó gbẹ́ ẹ. Ìwé-ò-tán ní ẹni tó bá kan ilẹ̀ yẹn ṣáájú òun, ojú rẹ̀ á fọ́, kò sì sí pùlọ́ńbà tó fẹ́ fi ojú ṣeré.

"Ìyàwó wa," ni Àǹtí Àgbà wí, "mi ò sọ pé o ń purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ máa ń gbọ́ ohun tó bá wù ú. Àbúrò mi yìí fúnra rẹ̀ ló máa gbẹ́ ẹ, lójú gbogbo wa. Bó bá jẹ́ ejò, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Bó bá jẹ́ omi, ìwọ lo ni ín."

Ó ku ọjọ́ méjì kí á pàdé ni aránṣọ yọ́ wá bá mi.

"Màmá, ọkọ yín gbé iṣẹ́ wá fún mi. Àpò ńlá. Ó ní kí n rán an ní ìlọ́po méjì, kó lè gba ohun tó wúwo."

"Kí ló fẹ́ kó sí i?"

"Ó ní awọ tí ejò bá bọ́ ni."

"Awọ ejò wúwo?"

"Ohun tí mo bi í gan-an nìyẹn. Ó pààrọ̀ gíláàsì."

Mo bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ìwé yẹn wà lórí káńtà mi. Mi ò lè kà á, ṣùgbọ́n mo lè wo àwòrán. Ojú ewé tó ṣẹ́ létí, níbi tó kà á dé, ejò ńlá kan ló ká mọ́ igi tó so èso wúrà. Ní òdì kejì, òmíràn dùbúlẹ̀ lórí òkìtì ìṣúra. Ó ti rò ó pé ẹ̀gbọ́n òun, pùlọ́ńbà tó ní ẹ̀wù méjì péré, ti ní láti ri owó mọ́ abẹ́ ilẹ̀ láti ọdún yìí wá.

Ọjọ́ pé. Ọ̀sán gangan ni, ẹbí kún ṣọ́ọ̀bù, àwọn ará àdúgbò kún ẹnu ọ̀nà. Ìwé-ò-tán wọ ẹ̀wù gígùn tó fi ọ̀dà aláwọ̀ ewéko ya ìpẹ́ sí láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ó gé rọ́bà omi láti inú ọjà mi, ó wé e mọ́ igi ìgbálẹ̀, ó pè é ní ọ̀pá. Ó gé òmíràn, ó nà án ró síwájú fìlà rẹ̀ bíi ti àwọn ọba ọ̀hún. Kò tọrọ ìkankan.

Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí n ti táàpù ńlá tó wà níta kí ẹ tó gbẹ́ ẹ."

"Ejò kì í bẹ̀rù omi, ìyàwó."

"Ejò kọ́ ni mò ń bẹ̀rù fún."

"Ìyàwó wa, fi sílẹ̀," ni Àǹtí Àgbà wí. "Ó kàwé."

Mo fi sílẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́ ọ pé mo sọ ọ́.

Ìwé-ò-tán ní kí gbogbo wa kọjú sí ògiri. Ó ní ẹni tó bá rí i bó ti ń jáde, á di òkúta.

"Èmi tí orúnkún mi ti di òkúta láti èṣín," ni Àǹtí Àgbà wí, ṣùgbọ́n ó yípadà.

A gbọ́ díígà. Gbì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni iyì, mo kí yín." Gbì. "Ẹ má bínú, ẹ sún díẹ̀." Ohùn rẹ̀ wá wálẹ̀, ó rò pé ògiri ò ní dá a padà fún wa. "Ẹ sún, ẹ jẹ́ kí n rí ohun tí ẹ dùbúlẹ̀ lé."

Gbì.

Ṣììì di fùùù. Omi gbá wa lẹ́yìn. A yíjú padà, kò sẹ́ni tó di òkúta. Omi ti gbé fìlà ọba lọ sí òrùlé, ó ń lù ú mọ́ páànù. Ọ̀dà ara ẹ̀wù ń ṣàn wálẹ̀ lára Ìwé-ò-tán, ìpẹ́ ń tẹ̀lé ìpẹ́. Ó sọ fún wa pé ejò ń bọ́ awọ. A rí i tó ń bọ́ ọ.

Òtútù mú un, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, ètè rẹ̀ ò ká mọ́ra. "É jò," ni ó ń wí. "É jò, é jò."

"Ejò ọ̀hún dà?" ni Àǹtí Àgbà bi í.

"Kì í ṣe ejò. É... ó jò. Páìpù ló jò."

Àǹtí Àgbà nu ojú. "Tún un sọ."

"Ó jò, Àǹtí."

"Ohun tí àbúrò mi sọ kó tó lọ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún wa. A ní ọ̀fọ̀ ló ń dà á láàmú."

Ibi tí wọ́n dúró sí yìí ni nǹkan ńlá kan ti yọ́ jáde lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó léfòó lọ bá aránṣọ. Aránṣọ gbé e sókè.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi rèé. Ìlọ́po méjì."

"Kí lo fẹ́ kó sí i?" ni Àǹtí Àgbà bi Ìwé-ò-tán.

"Awọ..."

"Awọ omi? Ó dáa. Àpò rèé, omi rèé. Kó o."

Níwájú gbogbo àwọn tó ti dín ẹyin wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpò gbọ́n omi. Kó tó gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó ti tán. Àpò náà ń jò. Aránṣọ ní wọn ò sọ fún òun pé omi ni, òun ì bá fi ọ̀rá sí i nínú.

Mo jáde lọ ti táàpù ńlá. Mi ò sáré.

Ìwé-ò-tán ṣì wà láàyè, ó ní òun ń ka ìdajì tó kù. Ó-jò ni wọ́n ń pè é ní àdúgbò báyìí. Bó bá ń kọjá, wọn á sọ fún un pé kó má gbàgbé kéèkì ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ mi. Mò ń ta gúlúù, mò ń ta rọ́bà. Mo fi pátákó bo ihò náà. Páìpù tí wọn yóò fi rọ́pò èyí tó bẹ́ wà lára ògiri. Ọkọ mi ti gé e kí àìsàn tó dé, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i létí méjèèjì. Pùlọ́ńbà mẹ́ta ti wá ra ọjà lọ́wọ́ mi láti ìgbà náà, mo wo ọwọ́ wọn dáadáa, kò sí èyí tó jọ ọwọ́ ọkọ mi, mi ò bẹ ìkankan. Láràárọ̀ mo máa ń gbé garawa lọ pọn omi lọ́dọ̀ aránṣọ.

Wọn ò tíì ṣe páìpù náà.