Ojú-Àwòdì àti Kọ́kọ́rọ́ Irà

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé láti fìlà dé ìbọ̀sẹ̀, tó gbé awò awọ̀nàjíjìn kọ́rùn, tó sì ki ìyẹ́ mẹ́ta bọ etí fìlà, ẹ má bi í pé igbó wo ló ń lọ. Eyín ló ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ẹ bi í.

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kò sẹ́ni tó rántí mọ́. Ojú-Àwòdì ló ń jẹ́. Ó ní aráàlú ló sọ òun bẹ́ẹ̀. A wádìí títí láti mọ aráàlú náà, òun nìkan la bá. Ojú-Àwòdì, ọkọ gbogbo ẹyẹ! A-wo-irà-bí-ẹni-wo-dígí! Omi ló ń wò, ojú ara rẹ̀ ló ń rí.

Kó tó di ẹlẹ́yẹ, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí ní ọ́fíìsì kan. Akọ̀wé tó bá fẹ́ gba bébà kan ṣoṣo ní láti kí i lẹ́nu ọ̀nà, kó tún kí i nídìí tábìlì. Ọ̀gá àgbà pàápàá, bí yíǹkì rẹ̀ bá tán, á kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà orúnkún Ojú-Àwòdì. Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ògiri, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́. Odindi oṣù kan ni ọwọ́ rẹ̀ fi ń wá nǹkan nínú àpò.

Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ gan-an ni irà kan wà tó kún fún eèsún, tí wọ́n fi wáyà yí ká, tó ní géètì kan. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ya fọ́tò ẹyẹ ìgbẹ́ ló ni ín. Gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n ń dé, wọ́n á gbé kámẹ́rà tí ojú rẹ̀ gùn bí apá, wọ́n á dojú bolẹ̀ lórí afárá pákó, wọn ò ní sọ̀rọ̀, wọn ò ní sín. Ẹyẹ kan ni gbogbo wọn ń wá: ọlọ́fun-pupa, ẹyẹ bíńtín tí kì í jáde nínú eèsún. Àwọn mìíràn ti wá fún ọdún mẹ́rin, ìrù rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí yà.

Òfin ẹgbẹ́ náà kò pọ̀. Bí o bá ṣe bá ẹyẹ ni kí o yà á. Má fi oúnjẹ tàn án, má sì fi ohùn ẹ̀rọ pè é. Ìdí ni pé bí akọ bá gbọ́ ohùn akọ mìíràn, á rò pé wọ́n fẹ́ gba ilé òun, á sáré jáde wá jà. Bí ó bá jáde títí tí kò rí ẹni bá jà, òun àti ìyàwó rẹ̀ á kó kúrò, wọ́n á fi ẹyin sílẹ̀.

Ojú-Àwòdì dara pọ̀ mọ́ wọn, ó gbọ́ òfin yìí, ó mi orí, ó sì lọ ra sípíkà.

Sípíkà kékeré ni, tí kò ní wáyà. Ó fi ewé wé e, ó gbé e pamọ́ sáàárín eèsún. Fóònù rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò, ohùn ẹyẹ sì wà nínú fóònù. Bí àwọn onífọ́tò bá ti tò sórí afárá, á fi ọwọ́ kan kan fìlà, á di ojú, á fi àtàǹpàkò kejì tẹ fóònù nínú àpò. *Tsì-tsì-tsìrìrì!* Kí ẹ tó ka mẹ́wàá, ọlọ́fun-pupa ti bọ́ síta, ọ̀fun rẹ̀ wú, ó ń wá ẹni tó bú baba rẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?" wọ́n á bi í.

"N kì í ṣe é," á ní. "Ẹyẹ ló mọ̀ mí. Àwọn àgbà ní, ẹyẹ kì í gbé inú eèsún kó má kí baba eèsún."

Kò sí àgbà tó pa òwe yẹn. Òun ló pa á lówùúrọ̀ ọjọ́ náà.

Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Télọ̀, gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí ojú fèrèsé tó kọjú sí irà. Kò ní awò, kò ní kámẹ́rà, ṣùgbọ́n bó bá ti ń rán aṣọ, ojú rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Òun ló rí i bí ọlọ́fun-pupa ṣe ń ṣa òwú tó dà nù láti fi tẹ́ ìtẹ́. Nígbà tó yá, òun náà ló rí i pé ẹyẹ kò sí nínú ìtẹ́ náà mọ́.

"Bàálé mi," ló wí nídìí tíì àárọ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò nínú irà. Ẹyẹ yẹn ti rù. Ìtẹ́ kẹta tó máa fi sílẹ̀ nìyí. Ẹyin méjì wà níbẹ̀ tó ti tutù."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo rí i."

"Ìwọ máa rán aṣọ, èmi ni mo ń rán ẹyẹ níṣẹ́." Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn débi pé ó tún un sọ.

"Ẹ fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí nìkan."

"Lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ géètì? Ṣé orí rẹ pé?"

Bẹ́ẹ̀ ni o. Ìpàdé ẹgbẹ́ ti fẹnu kò láti sọ ọ́ di Olùṣọ́ Irà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò ti gba àyè. Inú Ojú-Àwòdì dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ká ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú fóònù, ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko, ó fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ tó wà lókèèrè. Àbúrò náà fèsì pé, "Ó dáa." Ṣùgbọ́n ohùn náà wu ẹni tó ni ín. Ó ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ bí ó bá ń fá irùngbọ̀n, ibi tó bá dùn, á dá a padà. Àárọ̀ Sátidé náà, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló tò sórí afárá lọ́jọ́ náà. Alága ẹgbẹ́ wà níwájú, obìnrin sísanra kan tó dé fìlà ribiti, kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà tó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ìyá Télọ̀ dúró lẹ́yìn wọn, ó gbé àtẹ ife tíì dání, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ní a kì í fẹnu gbígbẹ ṣayẹyẹ.

"Kí a tó fà á lé yín lọ́wọ́," Alága wí, "Adájọ́ ní àwọn kò tíì fojú ara wọn rí i bí ẹyẹ ṣe ń jẹ́ yín lóhùn."

"Ojú mi ni mo máa ń gbàgbọ́," Adájọ́ dáhùn. "Iṣẹ́ ló kọ́ mi."

Ojú-Àwòdì tẹ̀ síwájú. Ó fọwọ́ kan fìlà. Ó di ojú. Ó tẹ fóònù.

*Tsì-tsì-tsìrìrì!* Kámẹ́rà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n dìde. Eèsún kò mira.

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ fẹ́ díẹ̀. Lékèélékèé kan fò kọjá lókè, kò yà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

"Ó jọ pé ibì kan náà lohùn yẹn ti ń wá," Adájọ́ wí jẹ́jẹ́.

"Ẹyẹ onísùúrù ni, Olúwa mi."

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin. Òógùn ti bo àtàǹpàkò rẹ̀. Nínú òkùnkùn àpò, àtàǹpàkò náà yọ̀, ó balẹ̀ síbi tí kò yẹ kó balẹ̀.

"Hẹ̀ẹ̀ẹ̀!" eèsún rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná!"

Gbogbo èèyàn wo Ojú-Àwòdì. Ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé. Ohùn rẹ̀ sì wà nínú irà.

"Ẹ má ṣe fòyà," ó wí kíákíá. "Ẹyẹ kan wà tó máa ń sín èèyàn jẹ. Ìbátan odídẹrẹ́ ni."

"Àwọn onífọ́tò wọ̀nyí," ni eèsún ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "ojú kámẹ́rà wọn gùn, ọpọlọ wọn kúrú. Sípíkà lásán ni mo fi ń tàn wọ́n! Alága wọn ńkọ́? Fìlà rẹ̀ yẹn, bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé!"

Alága fọwọ́ kan fìlà. "Ẹyẹ náà mọ̀ mí?"

"Ó... ó ń ṣèèṣì ni."

"Kó ṣáà gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn lé mi lọ́wọ́!" eèsún tún wí. " Ẹni tó bá fẹ́ wo lékèélékèé lásán, á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi."

Ojú-Àwòdì ń tẹ fóònù bí ẹni ń pa èèrà, ṣùgbọ́n òógùn kò jẹ́ kó gbọ́ tirẹ̀. Ó húkọ́. Ó kọ orin. Adájọ́ gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já lu ẹlẹ́rìí. Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀."

"Ìyàwó mi ní kí n ṣàánú ẹyẹ," eèsún wí. "Ẹyẹ tí kò tó àtàǹpàkò! Ó ń sunkún nítorí ẹyin méjì. Mo ní kó máa sunkún lọ sídìí ẹ̀rọ, ṣebí omijé kì í ba abẹ́rẹ́ jẹ́."

Ìyá Télọ̀ gbé àtẹ tíì kalẹ̀ sórí pákó, rọra, kí ife má baà dún.

Ọwọ́ pálábá Ojú-Àwòdì ti ségi. Ó bẹ́ sínú irà láti lọ yọ ọ̀tá tó ń fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tójú ń tì a máa gbàdúrà kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ti Ojú-Àwòdì, ilẹ̀ lanu lóòótọ́, ó gbé e mì dé ìbàdí, ó ní òun ti yó. Ó na ọwọ́, ó mú sípíkà, ó tẹ̀ ẹ́ rì sínú ẹrẹ̀. Ẹni tó tà á fún un ní omi kì í wọ̀ ọ́. Kò parọ́. Ọ̀rọ̀ ń hó jáde lábẹ́ ẹrẹ̀, títí tí omi fi pa fóònù nínú àpò rẹ̀, tí irà sì dákẹ́.

Àwọn onífọ́tò yìí, ẹ má dá wọn lẹ́bi. Wọ́n ti kọ́ ara wọn pé bí nǹkan bá mira nínú eèsún, kí wọ́n kọ́kọ́ yà á ná. *Krà-krà-krà-krà!*

"Ẹ má yà mí!"

"Ẹ gbé orí sókè díẹ̀," Adájọ́ wí láti ẹ̀yìn kámẹ́rà. "Ìmọ́lẹ̀ ti balẹ̀ sójú yín dáadáa."

Ọkùnrin mẹ́rin ló fi ẹsẹ̀ kámẹ́rà fà á jáde. Bàtà rẹ̀ kan kò bá wọn wá. Ó lépa ẹyẹ nítorí ẹ̀yẹ, yẹ̀yẹ́ ló gbé bọ̀.

Alága tú rìbọ́ọ̀nù kúrò lára kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí Ìyá Télọ̀. "Ẹ̀yin lẹ ń rí wọn lójoojúmọ́, Mà. Ẹ gbà á."

"Rárá o," obìnrin náà dáhùn. "Ẹ ti géètì náà pa, kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yín lọ. Bí wọ́n bá padà wá kọ́lé, màá ránṣẹ́ sí yín."

Ó kó àwọn ife rẹ̀, ó ṣáájú lọ sílé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan tó wọ bàtà àti èkejì tí kò wọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ìyàwó ti tẹ́ àpò sílẹ̀ síta.

"Ẹ bọ́ aṣọ yín síbẹ̀. Mi ò fẹ́ ẹrẹ̀ nínú ilé mi. Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹ jẹ́ kí ara yín kọ́kọ́ gbẹ."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dúró níta gbangba pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti pátá péńpé, tí gbogbo ẹgbẹ́ ń kọjá lọ síbi ọkọ̀ wọn. Àwọn kan wo ilẹ̀. Àwọn kan wo òkè, bí ẹni pé ẹyẹ wà níbẹ̀. Adájọ́ nìkan ló dúró.

"Ẹ dákun," ló wí, "sípíkà yẹn, níbo lẹ ti rà á? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já gaara."

Ojú-Àwòdì nu ẹrẹ̀ kúrò létè. Ó na àyà. Ó wá fìlà tí yóò fọwọ́ kàn, kò rí i.

"Háà, Olúwa mi," ló wí, "kì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n ń tà á fún o. Wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀ ni."

Nínú ilé, Ìyá Télọ̀ pa fèrèsé dé.