Àṣá Tó Ń Gbé Dígí Fò

Wọ́n ní ọ̀gá awakọ̀ òfúrufú kan wà tó lè fi aṣọ di ojú kó sì gbé ọkọ̀ òfúrufú balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo gba ìlàjì rẹ̀ gbọ́, torí kò sí ohun tí Ọlọ́run ò lè ṣe. Ìlàjì tó kù, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ tí mo máa rí ọkùnrin náà.

Mo rí i. Òun àti èèyàn mẹ́rin ló jọ ni ọkọ̀ òfúrufú kékeré kan, ṣùgbọ́n lẹ́nu tiẹ̀, "ọkọ̀ mi" ni. Àṣá Tó Ń Gbé Dígí Fò là ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, torí ó fẹ́ràn àtimáa wo ara rẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin ló ń tún ọkọ̀ náà ṣe. Mo jókòó ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, mò ń dúró dè é ká jọ lọ sí ìpàdé àdúrà, nígbà tí àwọn tó ni ọkọ̀ wá yan ẹ̀rọ atọ́nà tuntun. Nọ́ọ̀sì kan wà nínú wọn tó ń gbé oògùn lọ sí abúlé tó jìn. Ẹ̀rọ kékeré tí òfin gbà kí wọ́n fi wọ inú ìkùukùu ló fẹ́. Láti ìgbà tí òjò ti ń ṣú, kò tíì lè gbéra, àwọn aláìsàn sì ń retí.

Ọ̀gá gbé èyí ńlá ka orí tábìlì.

"Tẹ́ ẹ bá ti tàn án, àwòrán mi ló máa kọ́kọ́ yọ!"

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwòrán yín ló máa la ìkùukùu fún mi?"

"Ọmọ yìí, ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù!"

Òkun tó rí, inú kàlẹ́ńdà ni.

Ọmọ mi wọn ihò tí wọ́n máa ki ẹ̀rọ bọ̀ nínú ọkọ̀, ó mi orí. "Ọ̀gá, kò gbà á. Àfi ká yọ aago tó ń sọ bí a ṣe ga tó."

"Yọ ọ́ jàre! Ẹni tó bá ga, ṣé kò ní mọ̀ pé òun ga ni?"

Ọ̀gá tan ẹ̀rọ. Àwòrán rẹ̀ yọ, ó rẹ́rìn-ín sí i. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ òfúrufú kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú ẹ̀rọ.

"Ẹ wò ó! Ó ti mọ ibi tí a wà gan-an!"

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ó ní àárín òkun la wà, a sì ń fò lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni! Kì í parọ́!"

"Ẹ̀gbọ́n, orí àga la wà."

Ọmọ mi wúkọ́. "Ọ̀gá, eré tí ṣọ́ọ̀bù fi ń fa ojú oníbàárà nìyẹn o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí wọ́n dìbò, ọwọ́ mẹ́rin lọ sókè fún ẹ̀rọ nọ́ọ̀sì. Mo na tèmi náà, èmi tí n ò ní ìṣó kan nínú ọkọ̀.

"Ẹ ò mọ nǹkan kan!" Ọ̀gá ti fi ẹ̀rọ rẹ̀ há abíyá, ó dorí kọ ẹnu ọ̀nà. "Tí èèyàn bá ti ga dé ibì kan, ohun tó kàn ni pé..."

Ó ti jáde. Lábẹ́ abíyá rẹ̀, ọkọ̀ kékeré yẹn ṣì ń fò lọ lórí òkun.