Alága Àánú Ní Ẹnu Géètì

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ẹnu, ó dá mi lójú pé Alhaji Zakari padà lọ gba ẹ̀ẹ̀kejì. Fúláàtì mẹ́fà péré ni wọ́n fi í ṣe alága lé lórí ní Basin, n'Ílọrin, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ ó rò pé láti Ìpàtà títí dé Málété, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí láàárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ẹ́sítéètì mẹ́ta ló fara kanra níbẹ̀: Ìtùnú, Ìmọ́lẹ̀ àti Àánú. Àánú tó kéré jù ni ti Zakari. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní alága tirẹ̀, tó ń sọ ẹni tí yóò gbá àtẹ̀gùn àti ibi tí wọn ó máa sá aṣọ sí. Ṣùgbọ́n géètì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbà, títì kan, bọ́hóòlù kan. Ẹgbẹ́ Àpapọ̀ ló ni ìyẹn. Àwọn alága mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jókòó níbẹ̀ lóṣooṣù, Ọ̀gbẹ́ni Jídé, tíṣà ará Ọ̀mù-Àrán tó ti fẹ̀yìn tì, sì ni ààrẹ wọn. Ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀, abẹ gé e.

Zakari fẹ́ràn òfin bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súgà. Ìpàdé àkọ́kọ́ tó lọ, ó ti gbé òfin kalẹ̀. Ẹni tí kò bá ní káàdì, ì báà jẹ́ onílé, àlejò ni. Alága ibi tí àlejò ń lọ ni yóò wá fọwọ́ sí ìwé kó tó wọlé, àlejò ò sì gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀ láìgba àṣẹ alága. Alága tó bá sì pa ìpàdé mẹ́ta jẹ léraléra, ẹni tó bá ń bá a jókòó nípò rẹ̀ ló jogún àga.

"Tó bá ṣe èmi Zakari ni mi ò ní káàdì," ó lu tábìlì gbàmù, "ẹ ti géètì mọ́ mi!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Jídé kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Zakari ò ti yọjú sípàdé mọ́. Ó ní ẹni tó bá ti ṣòfin tán kì í tún jókòó tì í. Rasheedah, ìyàwó rẹ̀, ló ń rán. "Lọ bá mi jókòó," ni yóò wí, yóò sì nasẹ̀ sórí àga. Ìgbà tí obìnrin náà ti ìpàdé kẹta dé, ó ní:

"Baba Hadiza, wọ́n ní kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín. Wọ́n sì ní kí ẹ wá gba káàdì yín fúnra yín. Sátidé ni òfin káàdì ń bẹ̀rẹ̀."

"Káàdì kẹ̀? Ojú mi ni káàdì mi! Ọ̀rọ̀ tó kù, fi pamọ́ fún àwọn tí ò níṣẹ́."

Rasheedah fi í pamọ́.

Sátidé yẹn gan-an ni baba Rasheedah, Àáfà Muhammad Awwal, ń bọ̀ láti Àgbàjí wá wo ilé wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí Zakari wá tọrọ ọmọ, baba náà ti sọ lójú ẹbí pé, "Ọmọ yìí dáa, àmọ́ ẹnu ẹ̀ gùn ju ọwọ́ ẹ̀ lọ." Ọ̀rọ̀ náà ń ta Zakari lára títí dòní. Ó fẹ́ kí baba kó ọ̀rọ̀ náà jẹ, ó sì fi ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ gbé e.

"Baba," ó ń wí lójú ọ̀nà, "àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Zakari náà ò ní wà ní Basin kí géètì ó tì mọ́ àna ẹ̀. Tí mo bá ti tẹ fèrè, wọ́n á máa sáré ni."

Wọ́n dé géètì. Ó tẹ fèrè. Kò sẹ́ni tó sáré.

Àlàbí, ṣọ́jà àtijọ́ tó ń ṣọ́ géètì, rọra yọ sí i. "Káàdì yín, Alhaji."

"Àlàbí! O ò mọ̀ mí ni?"

"Mo mọ̀ yín dáadáa, sà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ní ká ti géètì mọ́ yín."

Kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì tó kó iṣu ti dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n ń tẹ fèrè. Zakari yọ fóònù. Ó pe Ọ̀gbẹ́ni Jídé, ó sì ṣí ohùn fóònù síta kí àna rẹ̀ lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù òun tó.

"Ẹ ò ní káàdì, Alhaji, àlejò ni yín," Jídé dáhùn. "Alága Àánú ni kó wá fọwọ́ sí i."

"Wallahi, èmi ni alága Àánú!"

"Ẹ ti kúrò níbẹ̀ o. Ìpàdé mẹ́ta! Ẹni tí ẹ ń rán wá jókòó ti di alága. Àbí wọn ò sọ fún yín ni?"

Àáfà yíjú sí ọkọ ọmọ rẹ̀. "Zakari, ta lo ń rán?"

Zakari tó ń sọ̀rọ̀ láti Àgbàjí, ìka ló fi tọ́ka sínú géètì. Rasheedah ló ń bọ̀ yẹn, bírò lọ́wọ́, káàdì lọ́rùn lórí hìjáàbù. Ó kúnlẹ̀ kí baba rẹ̀.

"Rasheedah, ìwọ ni alága?"

"Baba Hadiza ló ní kí n bá wọn jókòó, Baba."

"Alihamudulilahi!" Baba rẹ́rìn-ín títí tí làwàní rẹ̀ fi yẹ̀. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run, mo rò pé mo pa irọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ!"

Alága ṣí ìwé. Àlejò kìíní: Àáfà. Àlejò kejì: Zakari. Ẹni tí ẹ wá rí: alága.

"Kí lẹ jẹ́ sí wọn, sà?" Àlàbí bi í.

"Ọkọ," Zakari wí.

Àlàbí wúkọ́. "Alága, àlejò kì í sùn síbí láìgba àṣẹ yín o. Ti Alhaji ńkọ́?"

Rasheedah wo ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó sì dé bírò rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n pe ìpàdé ná."