Kẹ̀kẹ́ Idẹ Màmá àti Mítípáì Mẹ́rìnlélógún

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi bí mo tilẹ̀ di arúgbó: ọjọ́ tí mo fọwọ́ ara mi run mítípáì mẹ́rìnlélógún.

Ayé owó epo rọ̀bì ni. Tíṣà tuntun ni mí l'Ódígbó, gbogbo ẹni tó rówó ná ló sì ń wá oúnjẹ òyìnbó jẹ. Nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé wa ní alábẹ̀wò kan ń bọ̀ wá wò ó bóyá iṣẹ́ mi yóò fìdí múlẹ̀, ẹnu mi ò gbélé. Mo ní èmi ni màá ṣe ìpanu tí a ó fi gbà á lálejò nílé mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣe mítípáì rí, ẹ̀gbọ́n mi ló sì ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ìyá onílé mi, opó tí ọkọ rẹ̀ ti dáná fún àwọn òyìnbó onígẹdú lápá Ajue, yá mi ní irinṣẹ́ olóògbé: kẹ̀kẹ́ idẹ kékeré eléyín wẹ́wẹ́, ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ eegun. Bí a bá yí i lórí fúláwà pípò, etí páì á rí bí etí léèsì.

"Ohun kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún mi nìyí," ni Màmá wí. "Má sọ ọ́ nù."

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo wọ súẹ́tà olówùú. Mo ń yí kẹ̀kẹ́, mo ń kọrin. Mo to páì sínú ìkòkò oníyanrìn lórí iná, wọ́n sì jinná dáadáa. Ìgbà tí mo fẹ́ fọ irinṣẹ́, ọwọ́ eegun nìkan ni mo bá. Kẹ̀kẹ́ ti yọ lọ.

Mo wá abẹ́ tábìlì, mo gbọn àpò fúláwà. Ó ku inú páì. Mo rò ó pé bí alábẹ̀wò bá gé idẹ jẹ, eyín rẹ̀ lọ, iṣẹ́ mi náà lọ. Mo fa ọ̀kan ya. Kò sí. Mo fa òmíràn ya. Kí n tó mọ̀, mo ti ya gbogbo wọn tán, ọ̀gá wa àti alábẹ̀wò sì ń kan ilẹ̀kùn.

Mo da èérún páì náà sí abọ́, mo ki ṣíbí bọ̀ ọ́, mo ní bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ l'Ékòó báyìí nìyẹn. Alábẹ̀wò jẹ ẹ́, ó tún bù sí i. Orí mi wú. Bí mo ṣe nawọ́ gba abọ́ ló tẹjú mọ́ ìgúnpá mi.

"Tíṣà, òdòdó wúrà yìí mà dára o. Ṣé òun náà ló wà lóde l'Ékòó?"

Kẹ̀kẹ́ Màmá ni, eyín rẹ̀ ti há sínú òwú súẹ́tà mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo fèsì. Màmá, tó ti wá bá mi kí àwọn àlejò, tó sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ki etí ìró bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà pa á.

Iṣẹ́ mi fìdí múlẹ̀ ṣá. Láti ìgbà náà, bí nǹkan bá sọnù, ara mi ni mo kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò kí n tó fìyà jẹ oúnjẹ tí kò ṣẹ̀ mí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ẹ̀rín ń pa mí, ojú sì tún ń tì mí.