Eégbọn Etí Ọba

Igbó kan wà tó ní ọba, tó ní ìgbìmọ̀, tó ní òfin rẹpẹtẹ. Làákàyè nìkan ni wọn ò tíì pín débẹ̀. Kìnnìún ló jọba, Ìkookò sì ni olórí ìgbìmọ̀.

Àwọn lékèéléke ló ń ṣa eégbọn lára gbogbo ẹranko. Wọ́n wá bẹ̀bẹ̀ pé kí ọba dín owó-orí ìyẹ́ kù, torí ìyẹ́ tí wọ́n ń fà tu fún tìmùtìmù ọba ti ń sọ wọ́n dìhòòhò.

Ìkookò rẹ́rìn-ín. "Ṣebí eégbọn tẹ́ ẹ ń jẹ náà lowó iṣẹ́ yín? Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, ọ̀nà là gbangba. Ẹyẹ pọ̀ nígbó."

Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, lékèéléke ti sọdá odò. Àwẹ̀ró nìkan ló kù nínú wọn, kì í sì í ṣe torí ìfẹ́ ìlú: ó ń sàba lọ́wọ́ ni.

Eégbọn wá gbilẹ̀. Ọ̀kan wọ etí ọba, ó fi ibẹ̀ ṣelé. Ọba ò gbọ́ràn mọ́, bí ẹni pé ó ń gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ìkookò yan ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sípò pé kó yọ ọ́. Ìyẹn ki eyín bọ etí, ó fà, ewé etí ọba já; eégbọn ò mira.

Ni Ìkookò bá sáré lọ bá Àwẹ̀ró. "Ìyá wa, ọba ń pè yín."

"Èmi tí mo jẹ́ ẹyẹ lásán níjọ́sí, mo ti wá dìyá yín?"

"Ẹ má bínú. Kí lẹ fẹ́?"

"N ò fa ìyẹ́ mọ́. N ò sì lè fẹyin sílẹ̀ wá sáàfin. Kó máa bọ̀ níbí, kó tò sẹ́yìn àwọn tó ti dé."

"Ọba? Kó tò?"

"Ó lè dúró sílé. Etí tiẹ̀ ni."

Bí Kìnnìún ṣe tò sábẹ́ igi nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ń kán létí rẹ̀. Òkété tó wà níwájú rẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Kábíyèsí, ẹ rọra. Ẹ ń tì mí."

Nígbà tó kàn án, Àwẹ̀ró yọ eégbọn náà wẹ́rẹ́. Ọba mí kanlẹ̀. "Mo ti fagi lé owó-orí ìyẹ́. Ránṣẹ́ sáwọn ẹbí rẹ pé kí wọ́n máa bọ̀ wálé."

"Èmi? Kí n pè wọ́n?" Àwẹ̀ró nu ẹnu mọ́ ẹ̀ka igi. "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbádùn lọ́hùn-ún. Ó ti ń tù mí lára níbí."

Nígbà tí wọ́n délé, Ìkookò kéde pé ìfẹ́ mẹ̀kúnnù ló gbé ọba jáde, pé ó lọ bẹ̀ wọ́n wò ni. Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Ọba pàápàá pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ìkookò ti wà lábẹ́ igi láàárọ̀ kùtù, ó ń họ imú. Òkété tún ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.